Púlì Kékeré fún Òkè Ẹ̀fọ̀n

Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹwàá 2025

Òjò láti ìdájí. Nọ́ọ̀sì Fẹ́kọ́mi pè kí n tó jẹun àárọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá ti fẹnu kò: àwa la ó lu bóhóòlù fún ilé ìgbẹ̀bí tó wà lókè ìlú wọn. Wọ́n fẹ́ kí omi ti máa yọ kí àwọn ọmọ ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún Kérésì. Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ṣùgbọ́n ilé ìgbẹ̀bí yẹn ló ti kọ́ iṣẹ́, kò sì yé sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ bímọ níbẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa ń ru omi tẹ̀ lé e. Ó ní lóṣù tó kọjá, omi inú ọ̀rá ni wọ́n fi nu ọmọ tuntun kan lára. Mo ní a máa ṣe é.

Láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, òkè yẹn ni mò ń rò. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí à ń gbé rígì, ẹ̀rọ tí a fi ń lu ilẹ̀, lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, ọkọ̀ kú mọ́ Festus, awakọ̀ wa, lọ́wọ́ ní kọ́nà kejì. Tírélà tí rígì wà lórí rẹ̀ fà á sẹ́yìn. Ó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn sì há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri òkúta. Láti ìgbà náà a ti fi bíréèkì tirẹ̀ sí tírélà. Agbára ọkọ̀ ló kù.

Àtìní, 13 oṣù kẹwàá

Mo wa pikọ́ọ̀pù lọ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Babárìndé, mẹkáníìkì wa, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Pleasure. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì, ó sì jù mí lọ dáadáa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ yìí ti ń gba ìtọ́jú láti ọjọ́ tó ti dé láti Amẹ́ríkà. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lọ́hùn-ún ló fi súpáṣájà sórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó lè máa fipá ti afẹ́fẹ́ wọlé. Nítorí súpáṣájà yẹn ni mo ṣe rà á.

Mo béèrè bóyá a lè rí agbára sí i. Ọ̀gá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró, ó ń wo ibi tí bẹ́líìtì ti ń yí súpáṣájà. Ó ní ọ̀nà wà. Kí a yọ púlì, àgbá irin tí bẹ́líìtì ń yí, tó wà lórí rẹ̀, kí a fi èyí tó kéré jù ú lọ sí i. Bí púlì bá ti kéré tó ni súpáṣájà á ṣe máa yí kíákíá tó, afẹ́fẹ́ á sì pọ̀ sí i. Ó wá gbé ìka sókè. Afẹ́fẹ́ nìkan kọ́. Bí epo kò bá tó afẹ́fẹ́, iná inú ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, á sì jẹ píísítìn. Nítorí náà, pọ́ǹpù tó ń ti epo jáde láti inú táńkì gbọ́dọ̀ di ńlá pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, Tóbi tó ń fi kọ̀ǹpútà tún ọpọlọ ọkọ̀ ṣe ní Ìgàndo á wá ṣe tirẹ̀.

Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n máa gbé e wá ní Sátidé.

Àlàrùba, 15 oṣù kẹwàá

Mo sọ fún Festus. Ó ń fọ páìpù lọ́wọ́ nínú ọgbà. Ó béèrè bóyá wọ́n ti tún ọ̀nà òkè yẹn ṣe. Mo ní wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ń fọ páìpù rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ó ní, "Èmi náà ni mo máa wà á, Alhaja?"

Mo ní bí kò bá fẹ́, kí ó sọ. Ó ní òun ò sọ pé òun ò fẹ́.

Àbámẹ́ta, 18 oṣù kẹwàá

Púlì kò gbà láti kúrò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá súpáṣájà níbi tí wọ́n ti ṣe é ni, kò ní nọ́ọ̀tì tí ènìyàn lè tú. Irin elẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fà á jáde, ẹsẹ̀ kan lára irin náà sì ṣẹ́ kí oòrùn tó ga. Wẹ́dà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì gbé iná wá, ó ní ìṣẹ́jú kan péré ni. Ọ̀gá ní kí ó gbé iná rẹ̀ padà. Rọ́bà wà nínú súpáṣájà tó ń dá ọ́ìlì dúró. Bí iná bá kàn án, a ti pa ẹran torí ìwo nìyẹn.

Wọ́n da ọ́ìlì sí i, a sì lọ kírun Àìlà. Wọ́n yá irin mìíràn lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìpájà. Nígbà tí púlì náà máa jáde, ó dún gbàù bí ìbọn, gbogbo wa bẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀pá kò tẹ̀. Ọ̀gá fi ìka yí i, ó fi etí sí i, ó ní Alhamdulillah.

Púlì tuntun kò ju ìdérí agolo tòmátò lọ. Mo gbé e lọ́wọ́, mo ń wò ó. Wọ́n sè é nínú omi híhó kí ihò rẹ̀ lè fẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ó tó tutù. Bẹ́líìtì àtijọ́ wá gùn jù.

Àtàláátà, 21 oṣù kẹwàá

Òjò. A rí bẹ́líìtì kúkúrú ní Ìyànà Ìpájà lẹ́yìn tí a ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí mi ò ka iye rẹ̀. Ọ̀gá wa ọkọ̀ náà yíká Baruwa láìfi nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀. Súpáṣájà tó máa ń kùn tẹ́lẹ̀ ti ń fọn fèrè báyìí. Ó kìlọ̀ fún mi níwájú gbogbo ènìyàn pé títí pọ́ǹpù yóò fi dé, ọkọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ fa ẹrù kankan.

Àlàmísì, 23 oṣù kẹwàá

A ra pọ́ǹpù. Ẹni tó tà á búra pé tòkunbọ̀ gidi ni. Ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú táńkì láìdán an wò. Ó so ó mọ́ géèjì tó ń wọn agbára tó fi ń ti epo, ó gbé e sínú epo. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ géèjì gòkè dáadáa. Bí pọ́ǹpù náà ṣe ń gbóná, ọwọ́ náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tòògbé. Ayédèrú ni. Ọ̀gá yí ìdí rẹ̀ hàn mí: ìwé tuntun tí wọ́n lẹ̀ lé ara nǹkan àtijọ́.

Mo padà lọ. Ẹni tó tà á ní òun ò rí mi rí.

Tóbi ní ẹ̀gbọ́n òun kan ń bọ̀ láti Houston, ó lè bá wa gbé ojúlówó bọ̀. Ṣùgbọ́n ó di àárín oṣù tó ń bọ̀.

Jímọ̀, 31 oṣù kẹwàá

Nọ́ọ̀sì Fẹ́kọ́mi pè. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ti rí ẹlòmíràn tó ń lu bóhóòlù ní Àkúrẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni ti ẹni yẹn, òkè kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun ṣì ń dì í mú fún wa, ṣùgbọ́n òun ò lè dì í mú títí láé. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Òjò kò rọ̀ lónìí. Ooru mú púpọ̀.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kọkànlá

Mo so tírélà mọ́ ọkọ̀ láàárọ̀ yìí. Mi ò sọ fún Ọ̀gá Babárìndé. Mo rò ó pé láti Ìgàndo dé bíríìjì Ìyànà Ìpájà kí a sì yí padà, nǹkan wo ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá agbára náà wà lóòótọ́ kí n tó máa ṣèlérí fún ènìyàn.

Festus ló wà á. Agbára wà. Níbi tí ọ̀nà tẹ́jú, a kò mọ̀ pé rígì wà lẹ́yìn wa. A dé ibi tí bíríìjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Festus tẹ̀ ẹ́, ó sì tún gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó pa rédíò.

"Alhaja, ẹ gbọ́ ọ?"

Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo wá gbọ́: bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Kò dún sókè. Mo ní kí ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ, bíríìjì kò gùn, kí a sáà gùn ún tán.

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó yà sẹ́bàá títì, ó fa háǹdì-bíréèkì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e síwájú mi.

"Mi ò ní tẹ̀ ẹ́, ma. Bó bá kú síbí, títì Èkó ni. Bó bá kú sí Ẹ̀fọ̀n, èmi ló máa wà nínú rẹ̀."

Mo sọ pé ọkọ̀ mi ni. Mo sọ pé bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á, kí ó kúkú sọ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, ma."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Mo wà á padà fúnra mi, jẹ́jẹ́.

Àtìní, 3 oṣù kọkànlá

Festus kò wá síbi iṣẹ́. Mo gbé ọkọ̀ lọ fún Ọ̀gá, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó tú àwọn pulọ́ọ̀gì, ó tò wọ́n sórí páálí, ó fi gíláàsì wò wọ́n. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Lẹ́nu méjì lára wọn, nǹkan wẹ́wẹ́ kan ń dán bí iyọ̀.

"Ìyá Hamdalah, ara píísítìn nìyí. Ó ti ń yọ́. Ká ní ẹ gun bíríìjì yẹn tán ni, okùn lẹ ò bá fi fa ọkọ̀ yìí wálé."

Wọ́n ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Orí píísítìn méjì ti rí ṣágiṣàgi, ṣùgbọ́n kò lu. Ọ̀gá wọn ìfúnpá inú ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ó ṣì péye, ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan bí a bá tọ́jú rẹ̀. Kò bá mi wí. Ì bá kúkú ti bá mi wí.

Àtàláátà, 4 oṣù kọkànlá

Mo lọ sílé Festus ní Baruwa. Hope, ìyàwó rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni, ó ń fi kíréyọ́ọ̀nù ya ẹyẹ sára páálí. Ó fún mi lómi, ó jókòó tì mí, ó sì sọ fún mi láìgbé ohùn sókè pé ilé-ìwé kan ti ní kí Festus wá máa wa bọ́ọ̀sì àwọn tíṣà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan, láàárín Ìpájà, kò sí òkè kankan. Ó ní òun ti ní kí ó gbà á. Ó ní kò tíì fún wọn lésì.

Festus jáde láti yàrá. Ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Mo sọ ohun tí a rí lẹ́nu pulọ́ọ̀gì fún un. Mo ní, "Ìwọ lo jàre. Èmi ni mo ṣì í ṣe."

Mo rò pé yóò sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó béèrè bóyá píísítìn lu. Ó béèrè ọjọ́ tí pọ́ǹpù máa dé. Ó wá ní bí ojúlówó pọ́ǹpù bá wọlé, òun á wà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òun bá sọ pé ó tó, ó tó nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bi òun léèrè. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Hope sìn mí jáde nígbà tí mo dìde. Ní ẹnu ọ̀nà ló wá ní, "Ẹ bá mi mú un bọ̀ o, Alhaja."

Àlàrùba, 5 oṣù kọkànlá

Mo pe Nọ́ọ̀sì Fẹ́kọ́mi. Mo ní ọkọ̀ kò tíì tán, irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn, a sì máa nílò oṣù yìí tán. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ gbé e fún ará Àkúrẹ́, mi ò ní bínú. Ó béèrè ẹni tó fara pa lórí òkè yẹn lẹ́ẹ̀rùn. Mo ní Festus ni. Ó ní ṣé ó ń rìn dáadáa. Mo ní ó ń rìn, ó ń tiro díẹ̀ bí òjò bá ṣú. Ó ní òun á bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

Àìkú, 9 oṣù kọkànlá

Wọ́n máa dúró dè wá. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ni Nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́: "Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí."

Àlàrùba, 12 oṣù kọkànlá

Ooru. Iná kò sí. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Jímọ̀, 14 oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n Tóbi dé. Ó di pọ́ǹpù náà sínú ìbọ̀sẹ̀ méjì láàárín aṣọ rẹ̀. Ọ̀gá dán an wò nínú epo lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọwọ́ géèjì gòkè, ó sì dúró síbẹ̀. A jókòó tì í títí ó fi gbóná, ó ṣì dúró síbẹ̀. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n ra ohun mímu tútù fún gbogbo ilé.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kọkànlá

Dípò kí wọ́n sọ táńkì kalẹ̀ pẹ̀lú epo inú rẹ̀, wọ́n tú ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ sì para pọ̀ gbé e kúrò bí ẹni gbé àga. Táńkì wá hàn síta. Ọ̀gá rán ènìyàn sí ìyá tó ń yan ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pé kí ó jọ̀wọ́ pa iná. Ìyá náà ní láti ọdún tí òun ti ń yan ẹ̀pà níbẹ̀, òun ò jó ilé ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá a fúnra mi, mo ra gbogbo ẹ̀pà tó wà nílẹ̀, ó sì bu omi pa iná.

Asẹ́ epo tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù àtijọ́ dúdú bí ẹrẹ̀ odò. Ọ̀gá ní pẹ̀lú èyí, bí a ò tiẹ̀ fọwọ́ kan púlì, ọkọ̀ yẹn ì bá ṣì kú lórí òkè lọ́jọ́ kan. Festus wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ó gba asẹ́ náà, ó wò ó tinú tẹ̀yìn, ó sì gbé e padà sílẹ̀.

Pọ́ǹpù tuntun ń fa iná púpọ̀. Wọ́n na wáyà tó nípọn tààrà láti bátìrì lọ bá a, torí ti tẹ́lẹ̀ á kàn yọ́ ni.

Àtàláátà, 18 oṣù kọkànlá

Tóbi dé lẹ́yìn Sùbúhì, kí ọ̀nà Ìpájà tó kún. Ó jókòó síwájú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, Ọ̀gá ń wakọ̀, mo wà lẹ́yìn. Tóbi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ẹ tẹ̀ ẹ́." "Ẹ fi sílẹ̀." Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á ní kí Ọ̀gá dá ọkọ̀ dúró, á yí nǹkan kan padà nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní òun lè fún wa lágbára ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó máa fa ẹrù gòkè nínú ooru kì í ṣe ọkọ̀ eré ìje, òun á fi díẹ̀ sílẹ̀ fún un láti fi mí. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù kọkànlá

Rígì lẹ́yìn, bíríìjì Ìyànà Ìpájà. Festus ló wà á, Ọ̀gá jókòó tì í. Mo tẹ̀ lé wọn nínú kẹ̀kẹ́, torí mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n gun bíríìjì náà láìdẹ ẹsẹ̀, wọ́n yí, wọ́n tún un gùn. Nígbà tí wọ́n dúró, mo lọ bá Festus ní ojú fèrèsé. Ó ní, "Ó dákẹ́, ma. Fèrè rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́." Ọ̀gá ti ń tú pulọ́ọ̀gì níbẹ̀ lórí títì. Wọ́n mọ́.

Àlàmísì, 27 oṣù kọkànlá

Bàbá Hamdalah, ọkọ mi, ní kí n ní kí Festus àti àwọn tó ń lu ilẹ̀ máa lọ, kí n jókòó sílé. Ó ní obìnrin tó ti tó ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta kò ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe lórí òkè. Mo ní mò ń lọ. Ó ní òun mọ̀. Ó lọ bá mi ra tọ́ọ̀ṣì.

Àtàláátà, 2 oṣù kejìlá

A kúrò ní Ìgàndo ní ìdájí. Àwọn tó ń lu ilẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì ṣáájú. Ọ̀gá Babárìndé wá sẹ́nu géètì láti tún bẹ́líìtì wò, ó sì fún Festus ní òmíràn láti fi pamọ́. Epo gba owó ju bí mo ṣe rò lọ. Púlì kékeré yìí ń mu ún bí omi. A dé Iléṣà ní ìrọ̀lẹ́, a sùn síbẹ̀. Ọyẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Festus kò jẹun púpọ̀.

Àlàrùba, 3 oṣù kejìlá

A kọjá Ìwàràjà kí oòrùn tó yọ dáadáa, kí ẹ́ńjìnnì lè rí atẹ́gùn tútù. Kùrukùru bo òkè. Festus gun kọ́nà àkọ́kọ́ láìsí wàhálà. Lẹ́yìn rẹ̀, ibì kan tẹ́jú díẹ̀ níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń sinmi. Ó yà síbẹ̀, ó dúró, ó fa háǹdì-bíréèkì.

Mo wo géèjì. Gbogbo rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Mo wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di sítíárì mú gírígírí.

"Ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan, Alhaja. Èmi ni. Ọwọ́ mi ò gbé e."

Mo rántí ohun tí a jọ sọ ní Baruwa, mi ò bi í léèrè. Mo ní ó dáa, èmi á wà á, kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní òun ò lè jókòó sínú rẹ̀ náà. Ó ní òun á rìn lọ níwájú, kí òun máa dá àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ dúró fún mi ní kọ́nà. Mo ní òkè náà jìn. Ó ti ń rìn lọ.

Mo dúró títí ó fi ré kọ́nà kọjá, tó sì na aṣọ pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi. Mo ka àdúrà ìrìn-àjò, mo tẹ̀ ẹ́. Súpáṣájà fọn, tírélà sì ń tẹ̀ lé mi. Ní kọ́nà kejì, mo rí i pé ẹsẹ̀ mi kò tíì tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festus. Kò wo ọkọ̀, mọ́tò àjàgbé kan tó dá dúró ló kọjú sí. Ọwọ́ géèjì ooru ẹ́ńjìnnì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, mo sì pa ẹ̀rọ amúlétutù. Ó dúró. Mi ò gbọ́ òkúta nínú agolo. Mi ò tíì fetí sí nǹkan báyìí rí láyé mi.

Mo dé orí rẹ̀. Mo páàkì sẹ́bàá ọ̀nà, mo fi òkúta di ẹsẹ̀ tírélà, mo dúró. Ọlọ́kadà méjì kọjá, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí ọkùnrin kan tó ń rìn. Wọ́n ní àwọn ti ní kó gùn, kò gùn.

Ó pẹ́ kó tó yọ nínú kùrukùru. Ó ń tiro gan-an. Ẹ̀wù rẹ̀ ti rẹ pẹ̀lú òógùn nínú ọyẹ́. Ó jókòó sórí òkúta, mo fún un lómi, ó mu ún tán, ó béèrè òmíràn. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó tẹ́ ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ wo ìdè tírélà.

Àlàmísì, 4 oṣù kejìlá

A ń lu ilẹ̀. Òkúta ni. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Jímọ̀, 5 oṣù kejìlá

Òkúta. Agbẹ̀bí àgbà ibẹ̀ ń gbé iyán wá fún wa. Obìnrin kan bímọ ní ọ̀sán nígbà tí ẹ̀rọ ń pariwo. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, agbẹ̀bí ránṣẹ́ pé kí a má pa á, ìyá ọmọ ló ní kí a máa lù ú lọ.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù kejìlá

Omi. Ó kọ́kọ́ yọ bí ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà bí ògì, lẹ́yìn náà ó mọ́. Mo pe Nọ́ọ̀sì Fẹ́kọ́mi, mo sì gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ páìpù kí ó lè gbọ́ bó ṣe ń tú. Mo gbọ́ pé ó ń fọn imú. Àwọn obìnrin ti gbé korobá dé kí n tó pa fóònù. Festus ló ń pọn ọ́n fún wọn.

Àtìní, 8 oṣù kejìlá

A di ẹrù tán ní àárọ̀. Mo ti di kọ́kọ́rọ́ mú, mo ń lọ sí ibi ìwakọ̀, torí ìsọ̀kalẹ̀ tún le ju ìgòkè lọ, mi ò sì fẹ́ kí ó rò pé mò ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Festus ti dúró síbẹ̀. Ó na ọwọ́.

Mo ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ó ní, "Kò dá mi lójú, ma. Ẹ jẹ́ kí n wà á."

Mo fún un. Ó dán bíréèkì ọkọ̀ wò, ó dán ti tírélà wò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún un wò. Ó fi jíà kékeré sí i, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ẹsẹ̀ ìgbín. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, kò dá wọn lóhùn. Oòrùn wọlé láti ẹ̀gbẹ́ mi. Mo ní kí n kàn di ojú díẹ̀.

Ìwàràjà ló ti jí mi. Ó ní kí n bá òun ra ọsàn.